AAGO KÌ Í PURỌ́? Ẹ̀KỌ́ LÓRÍ RÍRA ÀTI YÍYẸ AAGO ÌMÚRÒDE OLÓWÓ PỌ́Ọ́KÚ WÒ

Bí ìgbà ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ ti ń súnmọ́ tòsí, mo ń gbọ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń bi ara wọn pé, "Aago wo ni kí n rà?" Ìbéèrè náà kò kéré bí ó ti rí létí. Ẹni tí yóò dúró níwájú ogójì ọmọ gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí yóò parí. Ó sì yẹ kí ó múra bí ẹni tí ó mọ iyì iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó ọwọ́ wa kò pọ̀. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ sọ ohun tí ojú mi rí, àti ohun tí mo kọ́ lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má baà ra ẹ̀kọ́ náà ní iye tí èmi rà á.

I. OHUN TÍ OJÚ MI RÍ

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú ìdánrawò mi àkọ́kọ́, mo lọ sí ọjà, mo sì bá ọkùnrin kan tí ó tẹ́ aago sílẹ̀ lórí tábìlì lẹ́bàá ọ̀nà. Èyí tí ó wọ̀ mí lójú jùlọ nínú wọn ń kọ mànà bí wúrà. Orúkọ ilé-iṣẹ́ ńlá kan tí gbogbo ayé mọ̀ wà lójú rẹ̀, a sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé ilẹ̀ Swítsàlandì ni a ti ṣe é. Mo ná an títí, ọkùnrin náà ní, "Tíṣà, ọbẹ̀ tí ó dùn, owó ni ó pa á, ṣùgbọ́n nítorí tiyín, ẹ mú owó ọwọ́ yín wá." Ohun tí mo san kò ju owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Ọkàn mi mọ̀ pé ojúlówó irú aago bẹ́ẹ̀ kò lè wà ní iye náà láéláé, ṣùgbọ́n mo pa ọkàn mi lẹ́nu mọ́, mo sì dè é mọ́ ọwọ́.

Ilé-ìwé tí a rán mi lọ ní òfin kan: ní ọjọ́ ìdánwò, olùkọ́ kò gbọdọ̀ mú fóònù wọ inú yàrá, ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé ni gbogbo wa ń kó o sí. Aago ara ògiri tí ó wà ní kíláàsì mi sì ti kú tipẹ́. Ní ọjọ́ ìdánwò ìṣirò, a lu agogo ní aago 11, àwọn ọmọ sì bẹ̀rẹ̀. Aago 12 ni wọn yóò parí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú ni mo ti yí aago mi bá ti fóònù mu, ọkàn mi sì balẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

Nígbà tí aago ọwọ́ mi di 12, mo ní kí gbogbo wọn gbé kálámù sílẹ̀. Ọmọkùnrin kan tí ó jókòó lẹ́yìn na ọwọ́ sókè, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, kò tíì tó." Mo fi ìgbéraga dá a lóhùn pé, "Aago kì í purọ́." Mo gba ìwé lọ́wọ́ wọn. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ọ̀gá ilé-ìwé wọlé láti kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé ó ku ìṣẹ́jú 5. Ó bá mi pẹ̀lú ìwé tí mo ti dì. Aago mi ti fi ìṣẹ́jú 8 sáré ṣáájú òtítọ́. Ìwé ọmọ tí ó na ọwọ́ sókè ni ó wà lórí gbogbo rẹ̀: ó ti ṣe ìṣirò tí ó kẹ́yìn dé ìdajì, ọ̀nà tí ó sì ń gbà ṣe é tọ́.

Ọ̀gá náà kò bá mi wí níwájú wọn. Ó ní kí a dá ìwé padà, kí a sì fún wọn ní ìṣẹ́jú 8 wọn. Èmi fúnra mi ni mo dìde, tí mo sọ fún àwọn ọmọ náà pé aago mi ni ó purọ́, àti pé ọmọ tí mo pa lẹ́nu mọ́ ni ó sọ òtítọ́. N kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan rí tí ó wúwo lẹ́nu mi tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn èyí mo gbé aago náà tọ àgbàlagbà kan lọ tí ó ń tún aago ṣe. Ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó wò ó, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ mi, orúkọ tí ó wà lójú rẹ̀ kò sí nínú rẹ̀." Nígbà náà ni ó mú kọ́ńpáàsì kékeré kan súnmọ́ ọn, abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì náà gbọ̀n, ó sì yí kúrò ní ipò rẹ̀. Ó bi mí pé, "Níbo ni o ń gbé e sí lóru?" Mo ní, "Orí rédíò ni, Bàbá, níbi tí ohùn ń gbà jáde." Ó mi orí. Ó ṣàlàyé fún mi pé irin òòfà ń bẹ nínú ẹnu rédíò, agbára rẹ̀ sì ti wọ inú irin tín-ín-rín kan tí a ká bí ìkarahun ìgbín, èyí tí ń mú ẹ̀rọ aago mì. Àwọn ìká irin náà ti lẹ̀ mọ́ ara wọn, ó sì dà bí ẹni pé a gé e kúrú. Nítorí náà ni aago ṣe ń sáré.

Ẹ kíyèsí i pé ẹ̀bi méjì ni ó pàdé níhìn-ín. Ìfẹ́ ọ̀ṣọ́ ni ó mú mi ra ayédèrú. Àìmọ̀ ni ó mú mi gbé e lé orí òòfà. Ojúlówó aago onísípíríǹgì pẹ̀lú lè ṣe bẹ́ẹ̀ bí a bá lò ó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kí a tó sọ ọ̀rọ̀ nípa owó, ẹ jẹ́ kí a sọ ọ̀rọ̀ nípa ìmọ̀.

II. KÍ NI AAGO ÌMÚRÒDE?

Kí aago tó dé ọrùn-ọwọ́ ènìyàn, etí ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Agogo ni àwọn tí ó ṣáájú wa pè é, nítorí agogo ni a ń lù láti pe ènìyàn sí ilé-ìwé àti sí ìpàdé. Láti inú agogo ni ọ̀rọ̀ náà aago ti jáde. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ṣe bákan náà: clock tí wọ́n ń pè é ti inú ọ̀rọ̀ Látìnì kan wá tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ agogo.

Ní ìlú Nuremberg ní ilẹ̀ Jámánì, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 16, ni Peter Henlein ti ń ṣe aago kékeré tí ènìyàn lè gbé kiri. Fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, inú àpò ni àwọn ọkùnrin ń fi aago wọn sí. Ní 1904, Alberto Santos-Dumont, ọmọ ilẹ̀ Bùràsíìlì tí ń fi ọkọ̀ òfuurufú dánrawò ní Paris, sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ Louis Cartier pé ó ṣòro fún òun láti máa wá aago nínú àpò nígbà tí ọwọ́ òun méjèèjì wà lẹ́nu iṣẹ́. Cartier sì ṣe aago kan fún un tí a fi okùn awọ dè mọ́ ọrùn-ọwọ́. Nígbà tí ogun 1914 sí 1918 dé, aago ọwọ́ di ohun tí àwọn ọmọ-ogun kò lè ṣe aláìní, àwọn ọkùnrin yòókù sì tẹ̀lé wọn.

Ẹ̀kọ́ kan wà nínú ìtàn yìí. A dè é mọ́ ọwọ́ kí ọwọ́ lè ráyè ṣiṣẹ́. Olùkọ́ tí ó mú ṣọ́ọ̀kì ní ọwọ́ kan, tí ó sì mú ìwé ní ọwọ́ kejì, wà ní irú ipò tí awakọ̀ òfuurufú nì wà.

Aago ìmúròde ni èyí tí a lè wọ̀ pẹ̀lú aṣọ tí ó bójú mu, láti ọjọ́ iṣẹ́ títí dé ọjọ́ ìgbéyàwó. A fi àmì wọ̀nyí mọ̀ ọ́n: ó fẹ́lẹ́, ojú rẹ̀ mọ́, kò kún fún ohun púpọ̀, ọwọ́ méjì tàbí mẹ́ta ni ó ní, okùn awọ sì ni a sábà máa ń fi dè é. Láti mílímítà 34 dé 40 ni ìbú ojú èyí tí ó pọ̀ jùlọ nínú wọn. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́: bí ìkángun aago náà lókè àti nísàlẹ̀, níbi tí okùn ti so mọ́ ọn, bá yọ kọjá etí ọrùn-ọwọ́ yín, ó ti tóbi jù fún yín, bí ó ti wù kí ó lẹ́wà tó. Bí ó bá sì nípọn ju mílímítà 12 lọ, kì yóò rọrùn fún un láti wọ abẹ́ ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì.

III. Ẹ̀RỌ TÍ Ó WÀ NÍNÚ RẸ̀

Oríṣi méjì ni ẹ̀rọ aago tí a ó bá pàdé lọ́jà, ó sì yẹ kí olùkọ́ lè ṣàlàyé méjèèjì fún ọmọ kíláàsì kẹfà.

Oríṣi kìíní ni onísípíríǹgì. Sípíríǹgì kan tí a ká ni ó gbé agbára dání. Bí ó ti ń tú díẹ̀díẹ̀, ó ń yí àwọn àgbá eléyín. Àgbá mìíràn wà tí ń mì síwá sẹ́yìn, èyí tí ń ṣọ́ wọn bí adènà, tí kò jẹ́ kí eyín ju ẹyọ kan lọ kọjá lẹ́ẹ̀kan. Ìró adènà yìí ni à ń gbọ́ bí a bá gbé aago sétí. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ó ń lù ní ìgbà 21,600 ní wákàtí kan, èyí tí í ṣe ìgbà 6 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn kan wà tí a ní láti máa fi ọwọ́ yí. Àwọn mìíràn ní irin wíwúwo kan nínú tí ń yí bí a ti ń ju apá, tí ó sì ń ká sípíríǹgì fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá rí i tí a kọ ọ́ pé jewels 22 ni ó wà nínú rẹ̀, ẹ má ṣe rò pé ọrọ̀ ni ẹ rà: òkúta pupa kéékèèké ni wọ́n, tí a ṣe ní ilé-iṣẹ́, tí orí àwọn irin tí ń yí ń jókòó lé kí wọn má baà tètè jẹ.

Oríṣi kejì ni oní-bátìrì, tí a ń pè ní quartz. Quartz jẹ́ òkúta kan. Irú rẹ̀ ni ó pọ̀ jùlọ nínú iyanrìn tí a ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́. Bí a bá gé e bí ó ti yẹ, tí a sì fi agbára bátìrì kàn án, ó ń gbọ̀n ní ìgbà 32,768 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, láìyẹ̀. Kí ni ìdí iye yìí? Ẹ gbé kálámù, kí ẹ pín in sí méjì, kí ẹ tún ìdajì rẹ̀ pín sí méjì, kí ẹ sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ ní ìgbà 15: ẹ ó bá 1 níkẹyìn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ inú rẹ̀ ń ṣe, títí yóò fi kan ẹyọ kan ṣoṣo ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí ó fi ń ti ọwọ́ aago síwájú. Mo ti fi ìṣirò yìí kọ́ ọmọ ní pípín, inú wọn sì dùn sí i púpọ̀.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá 1969 ni ilé-iṣẹ́ Seiko kọ́kọ́ ta aago ọwọ́ oní-quartz, tí wọ́n pè ní Astron, ní Tokyo. Iye rẹ̀ jẹ́ 450,000 yen, owó tí a lè fi ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré kan ní ilẹ̀ Japan nígbà náà. Lónìí, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni ó pọ́ọ́kú jùlọ nínú aago gbogbo. Ohun tí olówó nìkan lè rà ní 1969 ti wá sí àrọ́wọ́tó akẹ́kọ̀ọ́.

Èwo ni kí a rà nínú méjèèjì? Ẹ jẹ́ kí ìṣirò dá ẹjọ́ náà. Ìṣẹ́jú àáyá 86,400 ni ó wà nínú ọjọ́ kan. Aago onísípíríǹgì tí ó fi ìṣẹ́jú àáyá 20 yẹ̀ lójúmọ́ kò burú: àṣìṣe ẹyọ kan nínú 4,320 ni, kò sì sí olùkọ́ tí yóò pe ọmọ tí ó gba 4,319 nínú 4,320 ní ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọjọ́ 30, àṣìṣe náà di ìṣẹ́jú 10, bí a kò bá tún un yí. Oní-quartz tí ó dára kì í sábà yẹ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá 20 lọ nínú oṣù kan odidi. Bí ẹnìkan bá ní owó díẹ̀ sí i, tí ó sì fẹ́ràn ẹ̀rọ tí ń mí bí ohun alààyè, a kò dá a lẹ́bi. Bambino tí ilé-iṣẹ́ Orient ti Japan ń ṣe jẹ́ èyí tí àwọn olùfẹ́ aago máa ń dárúkọ: àwọn tí ó ní ẹ̀rọ F6724 ń lù ní ìgbà 21,600 ní wákàtí kan, wọ́n sì lè ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí wákàtí 40 lẹ́yìn tí a bá bọ́ wọn kúrò lọ́wọ́. Ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ gbà pé ó lè fi ìṣẹ́jú àáyá 25 sáré tàbí kí ó fi 15 lọ́ra lójúmọ́. Òtítọ́ tí a sọ ṣáájú nìyẹn, ó sì dára. Ṣùgbọ́n fún èmi àti ẹni tí ó bá dà bí mi, oní-quartz ni mo fi ọwọ́ sí.

IV. OHUN MẸ́FÀ TÍ A Ó YẸ̀ WÒ LỌ́JÀ

Èkíní, ẹ yí i padà, kí ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Bí a bá kọ Stainless Steel Back síbẹ̀, ẹ̀yìn nìkan ni irin tí kì í dípata. Ara rẹ̀ yòókù lè jẹ́ idẹ tàbí irin mìíràn tí a kàn pa láwọ̀. Òógùn yóò jẹ àwọ̀ náà kúrò, idẹ yóò yọjú, a sì lè rí àwọ̀ ewé lára ọwọ́ ẹni. Bí a bá kọ All Stainless Steel, odindi ara rẹ̀ ni irin náà. Ọ̀rọ̀ ẹyọ kan yìí ni ó pààlà sáàárín aago ọdún kan àti aago ọdún mẹ́wàá.

Èkejì, dígí ojú rẹ̀. Mẹ́ta ni wọ́n. Èyí tí ó dà bí ọ̀rá líle máa ń tètè ní ìlà, ṣùgbọ́n a lè fi ọṣẹ ìfọyín ra á títí yóò fi mọ́. Dígí lásán, tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń pè ní mineral, le jù ú lọ, ṣùgbọ́n iyanrìn tí ó ní quartz nínú le jù dígí náà lọ. Nítorí náà ẹ má ṣe fi ọwọ́ nu eruku ọyẹ́ lójú rẹ̀, ẹ fẹ́ ẹ kúrò. Sáfáyà ni ó le jùlọ, ó sì wọ́n jùlọ. Dígí lásán tó fún wa.

Ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ omi. Púpọ̀ nínú aago ìmúròde ni a kọ 3 bar tàbí mítà 30 sí lẹ́yìn. Ẹ má ṣe rò pé ẹ lè mú un wọ inú odò dé mítà 30! Ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé ìtasílẹ̀ omi àti òjò díẹ̀ kò ní pa á. Ẹ bọ́ ọ kí ẹ tó wẹ̀, kí ẹ sì bọ́ ọ kí ẹ tó fọ aṣọ.

Ẹ̀kẹrin, ojú aago. Ẹ na apá yín tán, kí ẹ wò ó. Bí ẹ kò bá lè ka wákàtí àti ìṣẹ́jú nínú ìwò kan ṣoṣo, ẹ dá a padà. Ọwọ́ wúrà lórí ojú wúrà lẹ́wà nínú àpótí, ṣùgbọ́n kò ṣe é kà ní kíláàsì tí kò mọ́lẹ̀ dáadáa. Bí nọ́ḿbà Róòmù bá sì wà níbẹ̀, tí ẹ rí IIII dípò IV, ẹ má ṣe pè é ní ayédèrú nítorí èyí nìkan. Àṣà àwọn tí ń ṣe aago ni láti ìgbà pípẹ́. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ pẹ̀lú, nítorí wọn yóò bi yín.

Ẹ̀karùn-ún, okùn. Ẹ béèrè ìbú ibi tí okùn ti wọlé. Mílímítà 18 àti 20 ni ó wọ́pọ̀, ó sì rọrùn láti rí òmíràn rà. Àwọn tí ó jẹ́ 19 tàbí 21, gẹ́gẹ́ bí ti àwọn Bambino kan, yóò mú kí ẹ wá okùn kiri. Nínú ooru wa, okùn awọ kì í pẹ́. Owó okùn kejì wà lára owó aago.

Ẹ̀kẹfà, orúkọ. Láti 2017, òfin ilẹ̀ Swítsàlandì ni pé ó kéré tán, ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí a fi ṣe aago kan gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a ná ní ilẹ̀ náà kí a tó lè kọ Swiss Made sí i lójú. Ẹ wo owó òṣìṣẹ́ ní ilẹ̀ wọn, kí ẹ wo iye tí ẹni tí ń tà á ń pè é lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹ ó rí i pé ìṣirò náà kò bára mu. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ju èyí lọ, ẹni tí ń nà ọmọ nítorí pé ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sórí iṣẹ́ ọmọ mìíràn kò yẹ kí ó gbé irú ẹ̀ṣẹ̀ kan náà sọ́rùn-ọwọ́ wọ kíláàsì. Aago tí kò ní orúkọ ńlá, tí ó sì ń jẹ́ orúkọ ara rẹ̀, sàn jù.

V. ÌDÁNWÒ ỌJỌ́ MÉJE

Aago tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà kò tíì tó ohun tí à ń fi àkókò ẹlòmíràn lé lọ́wọ́. A kò gba olùkọ́ síṣẹ́ láìdán an wò. Kí a dán aago wò pẹ̀lú. Bí mo ti ń ṣe é nìyí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní, ẹ yí i kí ó bá fóònù tí ń gba àkókò lójú òfuurufú mu, dé orí ìṣẹ́jú àáyá. Ní wákàtí kan náà ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ìyàtọ̀ rẹ̀ sínú ìwé, ẹ má sì ṣe tún un yí títí ọjọ́ méje yóò fi pé. Àṣìṣe tí ó dọ́gba lójoojúmọ́ kò ṣe nǹkan, nítorí a lè ṣírò rẹ̀. Èyí tí ń lọ síwá lónìí, tí ń lọ sẹ́yìn lọ́la, ni kò ṣe é gbára lé. Bí ó bá jẹ́ onísípíríǹgì, ẹ fi ojú rẹ̀ sókè ní òru kan, kí ẹ sì fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ ní òru kejì, nítorí bí a ti gbé e sí máa ń yí ìrìn rẹ̀ padà. Ẹ gbé e jìnnà sí rédíò, sí fóònù, àti sí àpò tí òòfà ń pa dé.

Bí ó bá ní ojú kékeré tí ń fi ọjọ́ hàn, ẹ wò bóyá ó ń yí ní òru tàbí ní ọ̀sán. Bí ó bá ń yí ní ọ̀sán, wákàtí 12 ni ẹ fi ṣì í yí. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ yí ọjọ́ náà láàárín aago 9 alẹ́ sí aago 3 òru, nítorí eyín ẹ̀rọ ti lè wọnú ara wọn ní àkókò náà, a sì lè kán an. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ọjọ́ 31 ni irú aago bẹ́ẹ̀ ń kà fún oṣù gbogbo. Ìgbà márùn-ún lọ́dún, lẹ́yìn oṣù Kejì, Ìkẹrin, Ìkẹfà, Ìkẹsàn-án àti Ìkọkànlá, ni a ní láti tún un ṣe.

VI. AAGO TÍ MO Ń WỌ̀ NÍSINSÌNYÍ

Mo tọ́jú owó fún oṣù mẹ́rin. Oní-quartz ni mo rà, ní ilé ìtajà tí ó fún mi ní ìwé-ẹ̀rí ọjà. Orúkọ tí ó wà lójú rẹ̀ kò ní ariwo. Mílímítà 38 ni ìbú rẹ̀, kò sì nípọn ju 8 lọ. Ojú rẹ̀ funfun, ọwọ́ rẹ̀ dúdú, a sì kọ All Stainless Steel sí i lẹ́yìn. Lẹ́yìn ọjọ́ 7 ó fi ìṣẹ́jú àáyá 3 sáré. Lẹ́yìn ọjọ́ 30, ó fi 12 sáré. Ìrìn rẹ̀ dọ́gba, èyí sì tẹ́ mi lọ́rùn.

N kò ní fi àléébù rẹ̀ pamọ́. Kò ní ìmọ́lẹ̀ kankan, nítorí náà kò wúlò lóru bí iná bá lọ. Okùn awọ tí ó bá a wá mu òógùn, ó sì ń rùn kí oṣù mẹ́ta tó pé; mo ti pààrọ̀ rẹ̀. Ìró rẹ̀ sì gbọ́ sétí nínú yàrá tí ó dákẹ́. Bátìrì rẹ̀ ni SR626SW, èyí tí ọ̀pọ̀ aago ń lò, tí ó kéré bí bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì. Ọdún méjì tàbí mẹ́ta ni irú rẹ̀ sábà máa ń lò. Ẹ ṣọ́ra, nítorí LR626 wà tí ó jọ ọ́, tí ó sì pọ́ọ́kú jù ú lọ, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ a máa rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì lè da omi sínú ẹ̀rọ. Bí bátìrì bá kú, ẹ yọ ọ́ kíákíá.

Ìdájọ́ mi nìyí: ó lẹ́wà níwọ̀nba, kò sì ju agbára mi lọ. Kò sí ẹni tí ó yí ọrùn padà wò ó lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ní ìdánrawò mi kejì, ó bá agogo ilé-ìwé mu ní ọjọ́ gbogbo.

Bí ó tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, n kò tún sọ mọ́ fún ọmọ kankan pé aago kì í purọ́. Kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, mo máa ń lọ sí ọ́fíìsì láti fi aago mi wé ti ọ̀gá ilé-ìwé. Èmi a sì kọ wákàtí ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí sára pátákó, kí gbogbo kíláàsì lè rí i. Bí ọmọ kan bá sì na ọwọ́ sókè pé kò tíì tó, mo máa ń rán ẹnìkan lọ wò ó kí n tó gba ìwé rẹ̀.